Mo yọ Ìyá Àgbà kúrò nínú odò

"Tèmi dà níbẹ̀?"

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìbéèrè yìí fi há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló bi mí nígbà tí mo fi fótò odò Ọ̀pàrà hàn án lórí fóònù mi. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń rí i tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Ó rí òkúta. Ó rí igi. Ó rí abọ́ ìfọṣọ rẹ̀ lórí òkúta, ó tiẹ̀ fi ibi tí etí abọ́ náà ti sán hàn mí. Òun fúnra rẹ̀ ni kò rí. Bẹ́ẹ̀, òun ni mo bá létí odò lọ́jọ́ náà, òun ni mo fi síbẹ̀ nígbà tí mo ń lọ, iwájú kámẹ́rà mi gan-an ló sì ti ń fọṣọ ní gbogbo àkókò tí mo fi ya fótò yẹn.

Mo dáhùn pé, "Màmá, bí irú fótò yẹn ṣe máa ń rí nìyẹn, ìṣẹ́jú 4 ni mo fi ń ya ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń yíra kì í hàn níbẹ̀."

Ó ní, "Ó dáa." Ó dá fóònù mi padà, ó wọlé lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná.

Ẹni tó bá mọ àwọn ìyá wa ní Sábẹ, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ̀ pé "ó dáa" pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó sọ lọ́jọ́ náà ni èyí tí wọ́n máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ lé ọ lọ́wọ́, tí wọ́n fẹ́ kí o gbé e lọ sílé lọ rò. Mo gbé e lọ sílé. Fótò yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà láti ọdún mẹ́rin. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Kùtọnú, òun náà ń ya irú rẹ̀, ó sì dáhùn pé òun kò rí nǹkan kan tó yẹ kí a yọ kúrò níbẹ̀ mọ́. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà. Lẹ́yìn ìbéèrè Ìyá Àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Kámẹ́rà tí a di lójú

Mo ní láti sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ìmọ́lẹ̀ tí mo fi ń ya odò ni wọ́n ń pè ní infrared. Ara ìtànṣán oòrùn ni, àmọ́ ibi tí àwọ̀ pupa parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀, ojú ènìyàn kò sì lè bá a débẹ̀. Ní ọdún 1800, William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìtànṣán oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀, ó gbé tẹmómítà sí ẹ̀yìn pupa níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, tẹmómítà náà sì gbóná ju èyí tó wà nínú àwọ̀ lọ. Èmi ń pè é ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ó wà lóòótọ́ lè kọ orí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí kámẹ́rà iwájú fóònù rẹ̀, kí ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú lásán kò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ fóònù, iná kan á máa ṣẹ́jú níbẹ̀.

Nanometer ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ohun tí ojú wa ń rí sì wà láàárín nanometer 400 sí 700. Fíltà mi, Hoya R72, gíláàsì tí mo ń dé sójú kámẹ́rà, ń dínà mọ́ ọn, èyí tó bá ti tó bíi 720 sókè ló ń jẹ́ kó kọjá. Bí o bá gbé e sójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn tó ṣe kámẹ́rà náà kò sì fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa ba àwọ̀ fótò jẹ́, wọ́n ti fi gíláàsì kan sínú rẹ̀ tó ń lé e padà. Fíltà òde ń lé èyí tí a ń rí, gíláàsì inú ń lé èyí tí a kò rí. Ohun tó ń ráyè wọlé kò ju omi tó ń sun lára àmù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú omi bẹ́ẹ̀ kún abọ́, àfi kó jókòó tì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4 lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn tó ń jó ni lórí.

Àwọn kan ti ní kí oníṣẹ́ yọ gíláàsì inú yẹn kúrò. Ọ̀rẹ́ mi ti Kùtọnú wà lára wọn, kámẹ́rà tirẹ̀ ń yà wéré. Bó bá wá fẹ́ kí omi rọ̀ bí òwú, ó tún ní láti wá fíltà mìíràn tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó sì ti rí i pé inú àwọn kan nínú irú fíltà bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa ń gbà kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lọ́nà. Tèmi kò fún mi ní irú yíyàn bẹ́ẹ̀. Ìdúró pípẹ́ nìkan ló mọ̀.

Ìdúró yẹn kò nira tó ohun tó ṣáájú rẹ̀. Kámẹ́rà mi ti pẹ́, inú ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń wo ohun tí mo fẹ́ yà. Bí fíltà bá ti bo ojú rẹ̀, òkùnkùn ni mo ń wò. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ to àwòrán pé kí n tó dì í lójú: ibi tí òkúta máa wà, ibi tí omi máa gbà wọlé àti ibi tó máa gbà jáde, bí ojú ọ̀run ṣe máa pọ̀ tó. Mo gbé e lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo so àpò tí mo kó òkúta sí mọ́ ìdí igi náà kó má baà mì. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa kì í fojú balẹ̀ síbi kan náà tí ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí ń balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì àtijọ́ ní àmì pupa fún un, tèmi kò ní. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbìyànjú kí n tó rí ibi tí mo lè yí lẹ́ǹsì dé kí àwòrán mọ́ jù, mo sì fi kútẹ́ẹ̀sì àbúrò mi kán an síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mo rọra ń yí fíltà wọ ojú rẹ̀ bí ẹni ń dé ìgò epo, mo fi àkísà dúdú bo ihò ẹ̀yìn kí oòrùn má baà gba ibẹ̀ wọlé, mo tẹ bọ́tìnnì tó wà létí okùn, mo sì yọwọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí mo lè tún ṣe. Ìṣẹ́jú 4 fún fótò, ìṣẹ́jú 4 mìíràn tí kámẹ́rà máa fi ya òkùnkùn lásán kó lè mọ àbàwọ́n tí ooru dá sí i lára, kó sì yọ ọ́. Ìṣẹ́jú 8 fún ẹyọ kan. Bí mo bá ti ṣi òkúta gbé, ẹ̀yìn ìṣẹ́jú 8 ni mo máa tó mọ̀. Ẹni tó bá rọra pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Òkúta ló ń fi omi hàn

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ibi tí omi bá ti ń pariwo jù ni mo máa ń kọrí sí. Mo rò pé ibi tí ariwo wà ni àwòrán wà. Ohun tí mo ń gbé bọ̀ wálé kò yàtọ̀ sí òwú tí a tú sílẹ̀: funfun lọ́tùn-ún, funfun lósì, ojú kò ríbi gbé ẹsẹ̀ lé.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé omi kì í dá fi ara rẹ̀ hàn. Òkúta kan tó gbẹ lórí, tó tóbi díẹ̀, tó wà níwájú, òun ni ojú á kọ́kọ́ dúró sí. Kí omi gba ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kọjá, kí ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ibú tó pa rọ́rọ́. Bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ bá ń hó, kò sí ohun tó ń lọ, nítorí kò sí ohun tó dúró tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Mo kọ́ ọgbọ́n kan níbẹ̀ tí mi ò tíì fi sílẹ̀: kí n tó gbé kámẹ́rà jáde nínú àpò, mo máa já ewé kan, mo máa jù ú sókè odò, mo sì máa fi ojú tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí ewé yẹn bá gbà ni ìfófòó omi máa gbà láàárín ìṣẹ́jú 4. Nígbà mìíràn ó máa ń dé inú ibú, ó máa yí po, yí po, kò ní jáde. Níbi tó bá ti ń yí po bẹ́ẹ̀, òrùka funfun kan ló máa hàn nínú fótò, bí ẹni fi ẹfun yí ìlẹ̀kùn ká.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa tún ń yí ohun gbogbo padà. Ewé tútù ń jáde ní funfun. Robert Wood, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú fótò bẹ́ẹ̀ jáde fún aráyé ní ọdún 1910, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe funfun ewé yẹn. Àwọn kan rò pé ooru ewé ni kámẹ́rà ń yà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú ewé ní àwọ̀ ewé kì í mu ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa, ó ń jẹ́ kó kọjá. Inú ewé tó kún fún àlàfo wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ló ń fọ́n ọn ká, tó ń dá a padà sí wa. Omi ní tirẹ̀ ń mu ún. Ibú tó mọ́, tó jinlẹ̀, ń dúdú kirikiri, àfi ibi tó bá ti ń hó ló ń funfun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dúró de ìgbà tí òjò bá parí. Nínú oṣù kẹsàn-án, Ọ̀pàrà kún, ó ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀ láti apá Borgou ní àríwá, omi ẹlẹ́rẹ̀ kì í sì í dúdú nínú fótò, eérú ló ń jọ. Bí ọ̀yẹ́ bá wá dé tán, ewé ti ń gbẹ, iná ìgbẹ́ ti jó koríko, omi fúnra rẹ̀ ti já sí ibú kéékèèké. Wọ́n máa ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa ń la kùrukùru kọjá. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kùrukùru náà bá fẹ́lẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n eruku ọ̀yẹ́ tóbi jù fún un, ó ń bo òkè Sábẹ mọ́ kámẹ́rà mi bó ṣe ń bò ó mọ́ ojú. Ìparí oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kọkànlá ni tèmi. Omi ti ń là, ewé ṣì tutù, oòrùn mú. Oòrùn ọ̀sán gangan tí àwọn ayàwòrán yòókù ń sá fún, òun ni ewé ń fẹ́ kó tó lè tàn.

Ìṣẹ́jú 4

Ọjọ́ tí mo ya fótò yẹn, Ìyá Àgbà ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ó gbé abọ́ ìfọṣọ rẹ̀ sórí òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà lápá òsì, ó ń fọṣọ, ó ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń lọ sá aṣọ sórí igbó, ó ń padà bọ̀. Mo kí i. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹ. Ó ní ojú mi kò jọ ti ẹni tó ti jẹun. Ó fún mi ní àkàrà méjì nínú ike rẹ̀.

Mo wá to àwòrán mi. Mo rántí dáadáa ohun tí mo sọ lọ́kàn ara mi nígbà tí mo rí i pé ó wà ní apá òsì. Mo ní, "Kò séwu, kò ní hàn." Mi ò ní, "Jẹ́ kí n dúró kó parí." Mi ò bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ wà níbẹ̀?" Mo ti mọ ìṣirò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 4 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 240. Bí ènìyàn bá dúró síbì kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 kó tó kúrò, ìdá kan nínú 48 ni ìpín rẹ̀ níbẹ̀. Ìdá 47 yòókù jẹ́ ti òkúta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ti omi, ti igbó. Òjìji rẹ̀ kò tó ohun tí ojú máa rí. Abọ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ kò mira láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdí nìyẹn tó fi hàn gbangba, pẹ̀lú etí rẹ̀ tó sán.

Mo jẹ àkàrà rẹ̀ nígbà tí mò ń yọ ọ́ kúrò nínú odò. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mò ń sọ.

Orí ńkọ́?

Mo padà lọ bá a ní àárín oṣù kọkànlá, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ lọ sódò. Mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ ya fótò mìíràn, pé lọ́tẹ̀ yìí ó máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 4.

Ó ní, "Kí n dúró lásán bí òpó? Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní kó máa fọṣọ nígbà náà, kó ṣáà má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó gbà. Ó ró ìró rẹ̀ aláró kan, aró ẹlú, èyí tí ìyá tó bí i lọ́mọ fi lé e lọ́wọ́, tó ti dúdú títí tó fi ń dán. Ó dúró sórí òkúta pẹlẹbẹ náà, ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rúnṣọ. Mo di kámẹ́rà lójú, mo sì yọwọ́.

Nígbà tí ìṣẹ́jú 8 pé, tí àwòrán hàn, a jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo fi ẹ̀wù mi ṣíji bo ojú rẹ̀ kí oòrùn má baà pa á. Àwòrán pupa rúsúrúsú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ hàn kedere. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì hàn lórí òkúta, a lè ka ọmọ ìka rẹ̀. Ìró rẹ̀ hàn láti kókósẹ̀ dé ìbàdí. Àmọ́ funfun ni. Aró ẹlú tó dúdú bí òru ti jáde ní funfun bí aṣọ àlà. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa kì í rí aró ẹlú, inú rẹ̀ ló ń gbà kọjá dé ara òwú, òwú ló sì ń dá a padà. Odò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá dúdú kirikiri. Lójú mi, bí ẹni pé aró ti ṣí kúrò lára aṣọ, ó ti kó sínú omi.

Mo ti ń dunnú. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aró fún un. Kò gbọ́ mi. Ó na ìka sí òkè ìbàdí ara rẹ̀ nínú àwòrán, níbi tí kò ti sí nǹkan kan ju èéfín lọ.

"Orí ńkọ́?"

Mo dákẹ́.

"O ya ẹsẹ̀ mi, o ya ìró mi. Orí la fi ń mọ ènìyàn. Orí mi ńkọ́?"

Mo ní ó ń mì ni, pé bí ó ti ń rúnṣọ ni orí rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn. Ó wo ojú mi, ó wo kámẹ́rà, ó wo odò. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Ohun tó bá mì ló ń lọ, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Èyí tí kò bá mì ló ń dúró?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé abọ́ rẹ̀ kúrò lápá òsì. Ó lọ sí òkúta mìíràn níwájú, èyí tí mi ò gbé ojú lé rí nítorí mo rò pé ó kéré. Ó jókòó lórí rẹ̀, ó gbé abọ́ sáàárín ẹsẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ àpáta tó wà lẹ́yìn bí ẹni fara ti ògiri. Ó gbé orí rẹ̀ náà tì í. Ó sì sọ fún mi pé kí n gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi wá sí ìsàlẹ̀, sápá ọ̀tún, kí omi lè máa ti ọ̀dọ̀ òun bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ibi tí o dúró sí yẹn, omi ń lọ nílé rẹ̀, mo sì ń ṣe tèmi. Wá síbí."

Mo lọ síbẹ̀, mo wo inú ihò kékeré náà. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń ya odò yìí, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Omi ti ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀kan níbi òkúta dúdú kan, ó wá na tààrà sí ìsàlẹ̀ kámẹ́rà. Àárín àwòrán kò ní omi dúdú, àpáta ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì dára gan-an fún mi, nítorí lẹ́ǹsì mi máa ń da àbàwọ́n mímọ́lẹ̀ kan sí àárín nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa, orí ibi dúdú ló sì máa ń hàn jù. Ìyá Àgbà kò mọ nǹkan kan nípa àbàwọ́n yẹn. Ohun tó mọ̀ ni odò. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń jókòó síbẹ̀.

Kò dúró bí òpó. Ó fọṣọ fún ìṣẹ́jú 4 náà tán. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń lò. Gbogbo ara yòókù ló dì mọ́ àpáta, ojú rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò ṣẹ́jú púpọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, mo rí òógùn tó ń ṣàn bọ̀ létí rẹ̀. Kò nù ún.

Odò tí kò ní ènìyàn

Mo ti ń ronú sí i láti ìgbà náà, mo sì ti rí i pé ẹ̀bi mi ti pẹ́ ju ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lọ. Bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ni ní fótò ilẹ̀ àti omi máa ń sọ pé kí o dúró títí ènìyàn máa fi kúrò. Wọ́n ní ènìyàn ń ba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ jẹ́. A gbà á bẹ́ẹ̀, a kò bi ara wa pé ìdákẹ́jẹ́ ta ni. Ṣíṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ wá mú un rọrùn débi pé a kò tiẹ̀ ní láti dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè wà níbẹ̀, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ wọn, kí wọ́n máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun, fótò máa yọ wọ́n fúnra rẹ̀.

Ẹ wo àwòrán tí wọ́n fi ń polówó ìlú wa. Òkè Sábẹ ló máa ń wà níbẹ̀, àwọn àpáta ńláńlá tí àwọn Faransé ń pè ní mamelles, pẹ̀lú ojú ọ̀run àti koríko. Òkè yẹn ti gba ènìyàn pamọ́ nígbà ogun. Àwọn ènìyàn ṣì ń bọ ọ́, wọ́n ń gbin nǹkan sí ìdí rẹ̀, ọmọ ń sáré gùn ún bí ilé ìwé bá ti parí. Nínú àwòrán, òkúta tó wà ṣáájú ẹnikẹ́ni ló jọ. Mi ò sọ pé ẹni tó yà á parọ́. Èmi náà ti ya irú rẹ̀, mo sì kọ́ ọ sí yàrá mi.

Ọ̀rẹ́ mi ti Kùtọnú kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí. Ó ní fótò yìí jẹ́ ti omi, pé bí ojú ènìyàn bá ti wọ inú àwòrán, kò sí ẹni tó máa tún wo omi mọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní fótò kan tí mo yà níbi tí odò Wẹ̀mẹ̀ ti ṣẹ́ kọ́nà, lápá ìwọ̀-oòrùn ìlú, lásìkò tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ lóòótọ́. Òfìfo rẹ̀ kì í ṣe mí bákan, nítorí bó ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mi wà lórí èyí tí ènìyàn wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà níwájú kámẹ́rà mi fún ìṣẹ́jú 4, mo jẹ ẹ́ ní ìbéèrè kan ó kéré tán. Bó bá ní òun kò fẹ́ hàn, ó parí. Bó bá ní òun fẹ́, a jẹ́ pé títo àwòrán náà ti di iṣẹ́ àwa méjèèjì.

Èyí ti yí ohun tí mò ń ṣe létí odò padà. Mo ṣì ń ju ewé sómi. Lẹ́yìn ewé, mo máa ń lọ bá ẹni tó bá wà níbẹ̀, mo máa ń béèrè ibi tó máa ń jókòó sí. Apẹja kan fi ibì kan hàn mí tí omi ti ń yí po lábẹ́ gbòǹgbò, ibẹ̀ ló ti ń dẹ ìwọ̀ rẹ̀, ó sì lè jókòó níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó má mira. Àwọn ọmọ ni kò ṣeé sọ fún pé kí wọ́n dúró. Mo ti gbà pé kí wọ́n jẹ́ èéfín, ṣùgbọ́n mo máa ń fi fótò náà hàn wọ́n, mo sì máa ń tọ́ka sí èéfín náà pé, "Ìwọ rèé."

Mo sọ fótò Ìyá Àgbà di dúdú àti funfun, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo gbé e lọ fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró kó tó gbà á, ó gbé e lé orí itan.

Àwọn igi ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ìró rẹ̀ funfun, àpáta wà ní àárín méjì. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó le díẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń wò ó. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ hàn. Láti ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di funfun tí kò ní ìka, ó kún inú abọ́, ó sì dà bíi pé ó ń ti etí abọ́ náà dà sínú odò, tí omi ń gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Mi ò lè sọ ibi tí ọwọ́ parí sí, tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti wò ó títí.

Ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀. Ó fi kan ẹsẹ̀. Ó wá tẹ̀ lé omi náà láti ọwọ́ rẹ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, ó tún padà sókè.

Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbálẹ̀. "Wá wò mí," ó ní.